Kọ-ọ́-sílẹ̀ Di Oníbèéèrè

"Kí wọ́n tó bí mi ni mo ti ń bi agbẹ̀bí ní ìbéèrè láti inú ìyá mi. Kò rí ìkẹta dáhùn tó fi bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀, tó padà sílé ìwé."

Báyìí ni Kọ-ọ́-sílẹ̀ wí nínú yàrá àwọn olùkọ́. Ilé ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ni níṣẹ́ olùkọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́. Kì í bi akẹ́kọ̀ọ́ ní nǹkan kan: yóò kà, wọn yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Oorun kíláàsì rẹ̀ le débi pé ẹyẹ tó bá fò kọjá lójú fèrèsé a já bọ́, a sì máa hanrun.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló wá ròyìn ohun tẹ́ ẹ bèèrè nínú oyún fún yín?" Àǹtí Kí-ló-fà-á ló bi í bẹ́ẹ̀, ó rọra ń mu tíì.

Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yìí, ìbéèrè ló fi ń dá ìbéèrè lóhùn, síbẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á tẹ̀ lé e dé géètì, wọ́n á ṣì máa jiyàn. Tí Kọ-ọ́-sílẹ̀ bá rí wọn, ọ̀fun rẹ̀ a korò bí ti ẹni tó rún oògùn ibà jẹ. Ọ̀gá ilé ìwé sì ti ní ẹni tó bá mọ akẹ́kọ̀ọ́ mú ronú jù ni yóò gba kíláàsì àwọn tó ń jáde lọ. Kọ-ọ́-sílẹ̀ ti ń kọ́ kíláàsì yẹn kí irun orí rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò.

Ló bá fún akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní ìbéèrè kọ̀ọ̀kan tí wọn yóò bi òun lọ́jọ́ tí ọ̀gá bá wá wo kíláàsì rẹ̀. Òun náà há ìdáhùn sórí, tẹ̀ léra tẹ̀ léra: ti ọmọ tó ń sùn ní kíláàsì ló ṣáájú.

Ọjọ́ pé. Ọ̀gá jókòó sẹ́yìn, Àǹtí jókòó tì í. Akẹ́kọ̀ọ́ tó yẹ kó kọ́kọ́ bèèrè ti sùn lọ, ó ti mọ́ ọn lára. Èkejì bá dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, tọ́mọ bá ṣi ìṣirò ṣe, kí la ó kọ́kọ́ ṣe?"

Kọ-ọ́-sílẹ̀ na àyà. "Ẹ ṣí fèrèsé, kẹ́ ẹ sì ní kó bọ́jú."

"Sà, ìyẹn kọ́ lẹ ní ẹ máa sọ."

"Ó ti sọ ọ́ fún ẹ tẹ́lẹ̀?" ni ọ̀gá bèèrè.

"Ẹ̀bùn ni, sà," ni Kọ-ọ́-sílẹ̀ dá a lóhùn. "Mo máa ń dáhùn ìbéèrè kí wọ́n tó bi mí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Àǹtí wí. "Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo fẹ́ bi yín báyìí?"

Gbogbo kíláàsì na ọrùn. Olóorun pàápàá ti jí. Kò sẹ́ni tó tíì lajú báyìí rí nínú kíláàsì Kọ-ọ́-sílẹ̀, ìbéèrè obìnrin yìí ló sì jí wọn.

"Mo gbé omi kaná nílé," ni Kọ-ọ́-sílẹ̀ wí, ó sáré gba ẹnu ọ̀nà jáde. Bàtà ẹsẹ̀ kan ò lè bá a sáré, ó jókòó sílẹ̀. Eruku tó sọ sókè pọ̀ débi pé ọ̀gá ní láti tan iná lọ́sàn-án gangan kó tó rí pátákó.