Ìwé Tí Wọ́n Há Mọ́ Kọ́là

"Ọ̀gá ní kí n dá wọn padà," dírẹ́bà wí, ó sì ju aṣọ márùn-ún sórí tábìlì tí wọ́n ti ń lọ aṣọ. "Wọ́n ní ó ń rùn."

Alágbàfọ̀ gbé ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan símú. Òórùn ọṣẹ ló kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà ni òórùn kejì yọjú, èyí tó ń bá a sùn tó ń bá a jí láti oṣù mẹ́jọ tí ilé iṣẹ́ omi ìdọ̀tí ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́yìn ògiri ilé rẹ̀. Omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbo ìlú ni wọ́n ń fà wá síbẹ̀ láti sẹ́ ẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti fọ àwọn aṣọ yìí, inú yàrá ló sì sá wọn sí, síbẹ̀ òórùn burúkú náà wọlé tọ̀ wọ́n.

Ìwé kékeré kan wà tí wọ́n fi pínnì há mọ́ kọ́là. Òfin ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni: ẹni tó bá dá aṣọ padà gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kó sì buwọ́ lù ú, torí oníbàárà mìíràn a máa fọwọ́ ara rẹ̀ jó aṣọ, a wá di ẹ̀bi ru alágbàfọ̀. Ọ̀gá ti kọ ọ́ pé: "Aṣọ márùn-ún yìí ń rùn bí ṣáláńgá. Ẹ tún wọn fọ̀." Ó buwọ́ lù ú, ó kọ déètì sí i.

Inú bí alágbàfọ̀ débi pé ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá yìí kan náà ni olórí ọ́fíìsì ilẹ̀ tó fún ilé iṣẹ́ náà láyè. Òun ló dìde nípàdé àdúgbò, tó búra pé ẹ̀rọ ìgbàlódé ni, pé ẹnikẹ́ni ò ní gbóòórùn ohunkóhun.

"Jọ̀ọ́, tún wọn fọ̀," ọkọ rẹ̀ wí látìdí áyọ́ọ̀nù. "Ọkùnrin yẹn nìkan ló kù nínú àwọn oníbàárà ńlá wa."

"Níbo ni kí n sá wọn sí? Inú ikùn mi?"

Ó kó aṣọ náà sínú báàgì, ó fi ìwé náà sínú pọ́ọ̀sì, ó di ọ́fíìsì ilẹ̀.

Gbogbo fèrèsé ọ́fíìsì ọ̀gá ló wà ní títì, ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́. "Ẹ kú iṣẹ́, màdáámù. Ṣé ẹ ti tún wọn fọ̀?"

"Ọ̀gá, ẹ gbé ilé iṣẹ́ yẹn kúrò lẹ́yìn ilé wa, aṣọ yín ò ní rùn mọ́."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. "Ìlú ò lè ṣe kó má ní in. Ó gbọ́dọ̀ wà níbì kan."

"Mo gbà. Mi ò ní kí wọ́n má kọ́ ọ. Ilẹ̀ gbalasa tí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n fún un ńkọ́, èyí tó wà lẹ́bàá ilé ẹ̀yin ọ̀gá lókè? Gbogbo ìlú ló ń ṣu, kí ló dé tó jẹ́ àwa nìkan là ń gbóòórùn ẹ̀?"

Ojú ọ̀gá yí padà. Ó fa fáìlì kan yọ, ó ṣí i síwájú rẹ̀. "Ẹ̀yin náà ṣáà fọwọ́ sí i."

Orúkọ alágbàfọ̀ ló wà ní ìlà kọkànlá, ìfọwọ́sí rẹ̀ sì ni lóòótọ́. Ó rántí. Lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, gbogbo àdúgbò ló pariwo pé àwọn ò fẹ́. Nígbà tí wọ́n ń jáde ni wọ́n na bíró sí wọn lẹ́nu ọ̀nà, pé kí wọ́n kọ orúkọ, kí wọ́n sì buwọ́ lù ú, kí ọ́fíìsì lè mọ iye ẹni tó wá. Òkè ìwé ṣófo nígbà náà. Ní báyìí, wọ́n ti kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀: ÀWA TÍ A GBÀ.

Ó na ìka sí òkè ìwé náà. "Orúkọ àwọn tó wá sípàdé lẹ sọ di orúkọ àwọn tó gbà! Olè ni yín!"

"Ẹ rọra. Ìwé lòfin ń wò, kì í wo ariwo. Lọ́jọ́bọ̀, ìgbìmọ̀ ìlú máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ kòtò omi ìdọ̀tí kejì tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ sẹ́yìn ilé yín. Ìwé tó wà níwájú wọn ni pé kò sẹ́ni tó gbóòórùn ohunkóhun. Tí ẹ bá ní ìwé mìíràn, ẹ mú un wá."

Alágbàfọ̀ ṣí pọ́ọ̀sì rẹ̀, ó sì ka ìwé tí wọ́n há mọ́ kọ́là náà sókè ketekete, ó ka ṣáláńgá, ó ka déètì. "Ta ló buwọ́ lù ú, ọ̀gá?"

Ọ̀gá na ọwọ́. "Ẹ fún mi níwèé yẹn. Ọ̀rọ̀ aṣọ ni mo kọ, mi ò sọ̀rọ̀ kòtò."

"Aṣọ yín ò rìn lọ síbì kankan. Ilé mi ló wà."

"Ẹ rántí pé oníbàárà yín ni mí o."

"Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ọ̀gá. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé."

Ó da aṣọ márààrún sórí fáìlì, ó jáde.

Ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀dà ìwé lódìkejì títì, ó ní kí wọ́n fi ìwé tí ọ̀gá kọ ṣe ẹ̀dà mẹ́wàá fún òun, kí wọ́n sì fún òun ní ìwé òfìfo kan àti bíró. Láti etí ìwé òfìfo náà lókè pátápátá, láìfi àyè kankan sílẹ̀, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé: ÀWA TÍ A KÒ GBÀ.

Lẹ́yìn ìyẹn ló tó buwọ́ lù ú.