Ìgbálẹ̀ Tó Gbá Ohùn Maame Esuon Lọ

Ohùn Maame Esuon, ẹyọ kan ṣoṣo ló kù láyé, inú kọ̀ǹpútà Araba ọmọ rẹ̀ ló sì wà. Fóònù tí wọ́n fi gbà á sílẹ̀ ti já bọ́ lọ́wọ́ Egya Ebo, ọkọ olóògbé tó jẹ́ bàbá Araba, sínú òkun Elmina ní Ghana níbi tó ti ń fa àwọ̀n. Sátidé ni ìsìnkú. Bàbá fẹ́ kí àwọn ẹbí tó wà lókè òkun gbọ́ ohùn ìyàwó òun lórí ìkànnì tí Araba ń ṣe.

Kì í kúkú ṣe orin ni Maame Esuon ń kọ nínú ohùn náà. Ó ń bú ọkọ rẹ̀ ni, pé ó jẹ orí ẹja tán, ó wá ń só bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi. Ta ni nínú wa tí kì í só? Obìnrin náà wá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

Python, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ni Araba fi kọ ìkànnì náà. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kì í gba nǹkan gbọ́ láìdán an wò: wọn a gbé fáìlì kan sórí rẹ̀, wọn a wò ó bóyá ó gúnlẹ̀, ètò ìdánwò a sì gbá fódà tí wọ́n lò mọ́ fúnra rẹ̀, a pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́.

"Ayédèrú fáìlì ni kí o lò, ìyá oníkánjú," Fiifi tó jókòó tì í níbi iṣẹ́ sọ. "Ta ló ń fi ọmọ bíbí inú ẹ̀ dán odò wò?"

"Fi mí sílẹ̀ jàre. Ohùn màmá mi gan-an ni mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa wọlé."

Ó wọlé. Àmì aláwọ̀ ewé yọ pé gbogbo rẹ̀ pé. Araba pàtẹ́wọ́, ó ṣí fódà kó lè gbọ́ ohùn náà díẹ̀. Òfìfo ló bá. Fódà tí ohùn náà wà gan-an ló rán ìgbálẹ̀ sí, ìgbálẹ̀ kì í sì í bi ìdọ̀tí pé ọmọ ta ni ọ́. Fiifi wá a títí lórí ìkànnì àti nínú kọ̀ǹpútà, kò rí i. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Nírọ̀lẹ́, Egya Ebo ń tún àwọ̀n ṣe lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé ó ti wà níbẹ̀?"

Araba jókòó sórí iyanrìn, ó rò ó fún un. Bàbá fa okùn àwọ̀n, ó so ó, ó tún tú u.

"Ṣé bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe náà nìyẹn, kẹ́ ẹ gbá ibi tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Egya."

"Gbé fóònù ẹ wá. Èmi ló bú, mo mọ èébú mi."

Araba tẹ fóònù kó máa gba ohùn sílẹ̀. Bàbá tún ohùn ṣe bíi ti obìnrin: "Egya, o jẹ orí ẹja tán..." Ó bú ara rẹ̀ dé ibi ẹ́ńjìnnì, Araba rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú. Nígbà tó kan ẹ̀rín Maame Esuon, bàbá la ẹnu láti rín in.

Ariwo òkun nìkan ló ń wọ inú fóònù. Araba ò pa á, ó jẹ́ kó máa gbà á sílẹ̀ lọ.