Odò Tó Wà Lẹ́yìn Ìsọ̀ Obì

Nígbà tí Ṣọlápé Fábíyìí gba iṣẹ́ ní ọ́fíìsì tó ń mójú tó àyíká ní Ṣàgámù, odò kékeré tó gba ẹ̀yìn ìsọ̀ àwọn olóbì kọjá ti di ààtàn. Ọ̀rá, àlòkù bàtà, òkú ewúrẹ́, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń dà sí i. Bí òjò bá rọ̀, omi kì í rí ibi gbà, a wá wọ ìsọ̀ lọ bá obì nínú apẹ̀rẹ̀. Ṣọlápé ní kí wọ́n kó ìdọ̀tí náà kúrò, kí wọ́n gbin igi sétí odò, kí wọ́n sì la ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ síbẹ̀, kí àwọn tí ariwo Èkó ti sú lè máa wá gba atẹ́gùn. Ó ní bí àlejò bá ń wá, àwọn ará ìlú náà kò ní í fẹ́ kí odò wọn tún dọ̀tí. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń sọ láti ìpàdé dé ìpàdé, lọ́dọọdún, títí ó fi sú òun gan-an.

Nígbà tí wọ́n gbà fún un níkẹyìn, ayọ̀ tó rò pé òun máa yọ̀ kò wá. Ó kàn jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó wà á lọ sílé ní Ìkẹ́nnẹ́.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti kọ́kọ́ kọsẹ̀ ni ìsọ̀ Alájà Ìdíátù, àgbà olóbì tí ìyá ọkọ rẹ̀ fa ìsọ̀ náà lé lọ́wọ́. Ìsọ̀ yìí yọ sí etí odò, igi obì ńlá kan sì ṣíji bò ó. Kọ́láwọlé, ọ̀gá Ṣọlápé, fẹ́ kí wọ́n wó o kí ọ̀nà lè tọ́. Ṣọlápé lọ bá ìyá náà.

"Ìjọba ló gé àwọn igi tó wà níbí nígbà tí wọ́n ń fẹ títì," ni Alájà wí. Kò gbójú kúrò lára obì tó ń ṣà. "Ó dùn wá, a ò sọ̀rọ̀. Nísinsìnyí ẹ fẹ́ gbin òmíràn, ẹ ní kí n dìde. Níbo ni kí n dìde lọ?"

"Ẹ ò ní dìde, Màmá," ni Ṣọlápé dáhùn.

Ó padà lọ bá Kọ́láwọlé fa ọ̀rọ̀ náà, títí wọ́n fi jẹ́ kí ọ̀nà náà yà díẹ̀, kó gba iwájú ìsọ̀ ìyá náà kọjá. Lójú Ṣọlápé, ọ̀rọ̀ ti parí.

Kò tíì parí. Nígbà tí àwọn igi tí wọ́n gbìn yọ ewé dáadáa, àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní Sátidé, láti Èkó, láti Abẹ́òkúta. Odò ti mọ́, àwọn ẹyẹ ti padà síbẹ̀, Hussainat àti àwọn obìnrin yòókù tó ń ta omi tútù àti ẹ̀pà sì ń rí ọjà tà. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn àlejò fẹ́ràn jù lọ ni Alájà Ìdíátù, bó ṣe ń fi ewé di obì, àti ojú rẹ̀ tó ti hunjọ. Wọ́n á dúró lé e lórí, wọ́n á na fóònù sí i lójú. Ọ̀pọ̀ wọn kì í kí i. Ọkùnrin kan tilẹ̀ ní kó tú èyí tó ti dì tán, kó tún un dì, nítorí fóònù òun kò tètè gbà á sílẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Alájà ta tapólì bo iwájú ìsọ̀, ó jókòó sínú òkùnkùn. Àwọn àlejò ráhùn. Kọ́láwọlé pe Ṣọlápé.

"Ìwọ lo ní ká má wó o," ó ní. "Lọ bá a sọ̀rọ̀. Kó ká tapólì yẹn kúrò."

Ooru mú gan-an nínú ìsọ̀ náà. Alájà ń fi etí ìborùn fẹ́ ara rẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, Màmá."

"O káre. Ó ti rẹ̀ ọ́, mo rí i lójú ẹ. Jókòó."

"Wọ́n ní kí n wá bẹ̀ yín ni."

"Kí n ká tapólì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Alájà gbé etí ìborùn náà sílẹ̀. "Ṣọlápé, mi ò bá àlejò ṣọ̀tá. Ilé ọkọ mi ni àwọn Hausa tó ń wá ra obì máa ń sùn, tọwọ́ tẹsẹ̀ la fi ń gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n àlejò a máa kí onílé. Àwọn tìẹ yìí ń wò mí bí ẹran tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Mo ti dàgbà. Mo kàn fẹ́ máa di obì mi."

Ṣọlápé ti ro ohun tó máa sọ kó tó kúrò ní ọ́fíìsì: pé àlejò ń mú ọjà yá, pé gbogbo ìlú ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Kò sọ ìkankan níbẹ̀. "Mo ti gbọ́ yín, Màmá," ló wí.

Lọ́jọ́ Ajé, ó ní kí Kọ́láwọlé jẹ́ kí wọ́n gbé ọ̀nà náà gba òdìkejì odò, kí wọ́n fi pákó ṣe afárá sí ìsàlẹ̀.

"Ẹrẹ̀ ló wà lọ́hùn-ún," ni Kọ́láwọlé wí. "Àlejò máa dín kù."

"Wọ́n máa dín kù, sà."

"Àwọn tó ń tajà ńkọ́?"

"Èmi ni wọ́n máa bú. Mo mọ̀, sà."

Kọ́láwọlé gbà, ṣùgbọ́n ó gba ọ̀rọ̀ àlejò lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e fún ẹlòmíràn. Igi àti omi nìkan ló kù fún Ṣọlápé.

Àlejò dín kù lóòótọ́. Hussainat kò dáhùn ìkíni rẹ̀ mọ́. Láràárọ̀, Ṣọlápé á máa rìn létí odò, á máa yọ ọ̀rá lára gbòǹgbò, á tún èyí tí ewúrẹ́ jẹ gbìn. Ọkọ rẹ̀ ní kó béèrè fún ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní òun á rò ó.

Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, òjò kan rọ̀ láti ìdájí títí di ọ̀sán. Odò kún, ó ru, ó ń gbé ẹ̀ka igi kọjá. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò di ilẹ̀ mú, omi sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Kò wọ ìsọ̀ kankan. Nígbà tí òjò dá, Ṣọlápé wá wo ohun tó bàjẹ́. Afárá pákó ti ya lápá kan, omi sì ti gbé mélòó kan lọ nínú àwọn igi kéékèèké. Ó dúró ń wò wọ́n, kò mọ èyí tí òun máa kọ́kọ́ mú ṣe.

"Wá," ni Alájà pè é láti inú ìsọ̀.

Ilẹ̀ ìsọ̀ gbẹ. Àwọn apẹ̀rẹ̀ wà bí wọ́n ṣe wà. Ìyá náà kò dúpẹ́, kò sì mẹ́nu ba omi. Ó ti àpò kan kúrò lórí bẹ́ǹṣì, ó ní kó jókòó. Ṣọlápé jókòó, ó fẹ̀yìn ti ògiri, kò sì pẹ́ tí oorun fi gbé e lọ.

Oníbàárà kan tó ti Ìsarà wá wọlé, ó ń fi ohùn gíga kí Alájà kú òjò. Alájà gbé ìka sẹ́nu.

"Rọra," ó ní. "Ó ti rẹ ọmọ yẹn. Jẹ́ kó sùn."