Téèpù Dúdú Ìka Kékeré

"Mo rántí ọjọ́ tí wọ́n bí mi dáadáa," ni Bàbá Oníwáyà wí, ó na àyà síwájú nínú aṣọ ìyẹ̀wò tí wọ́n fi okùn so lẹ́yìn. "Ọwọ́ agbẹ̀bí tutù bíi yìnyín. Mo ní, 'Ìyá, ẹ kọ́kọ́ yáná ná kí ẹ tó fà mí jáde!' Gílóòbù kan sì ń ṣẹ́jú lókè wọn. Mo tún un ṣe tán kí n tó bú sẹ́kún."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ọmọ Bàbá obìnrin kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ti là á mọ́lẹ̀ láàárọ̀: bí bàbá rẹ̀ bá tún kùnà ìdánwò ìrántí ti òní, kò ní dá gbé ilé mọ́, ọ̀dọ̀ òun ni yóò kó wá, lódìkejì ìlú. Ta ni yóò wá máa tan gílóòbù ilé ìdáná tí Bàbá so fún ìyàwó rẹ̀? Láti ìgbà tí obìnrin náà ti kú, ìrọ̀lẹ́ kan kò kọjá kó má tàn án. Á dúró lábẹ́ rẹ̀, á máa retí kí ẹnìkan pe òun ní orúkọ tí ìyàwó rẹ̀ nìkan máa ń pè é.

Dókítà yí àwòrán ọpọlọ sí i. "Bàbá, àwọn funfun yìí dà bíi wáyà yín. Àwọn ló ń gbé ọ̀rọ̀ láti apá kan ọpọlọ lọ sí òmíràn. Ọ̀rá ló wé wọn, kí ọ̀rọ̀ lè yára kọjá. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ, púpọ̀ nínú wọn ṣì wà níhòòhò. Díẹ̀díẹ̀ lọ̀rá á máa wé wọn, títí èèyàn á fi tó bí ẹni ogójì ọdún. Tó bá wá dàgbà, ọ̀rá náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́lẹ́."

"Irú iṣẹ́ jákujàku wo nìyẹn? Wáyà tí èmi bá rì mọ́ ògiri, bí kìnnìún bá gé e jẹ, eyín kìnnìún ni yóò kán!" Ohùn rẹ̀ wá lọlẹ̀. "Ṣé wọ́n ti já ni?"

"Wọn ò já. Ọ̀rọ̀ ṣì ń kọjá. Ó kàn ń pẹ́ kó tó dé ni."

Ó sún mọ́ àwòrán náà títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ó ń wá ibi tí ìyàwó rẹ̀ jókòó sí.

"Ó yá, Bàbá. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí mo sọ fún yín lẹ́ẹ̀kan."

"Ìyẹn lásán?" Ó yọ́jú wo ọwọ́ òsì rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Bó ṣe máa ń fi téèpù aláwọ̀ sàmì sẹ́nu wáyà kí wọ́n má bàa dàrú mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ló ṣe sí ìka rẹ̀. Pupa. "Iná!" Yẹ́lò. "Oòrùn!" Àwọ̀ ewé. "Koríko!" Búlúù. "Omi!" Ó fọwọ́ lu tábìlì gbàgà.

"Bàbá," ni dókítà wí jẹ́jẹ́, "ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìyẹn. Ti òní yàtọ̀."

Ọmọ rẹ̀ fa ọwọ́ òsì náà jáde.

"Ẹ ò rí nǹkan! Bàbá, ẹ̀yin náà ń jí ìwé wò!" Ó tẹjú mọ́ ìka kékeré. "Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni. Dúdú yìí ńkọ́?"

Bàbá la ẹnu. Orúkọ tí ìyàwó rẹ̀ ń pè é ni. Láàárọ̀ ló wé e síbẹ̀ kó má bàa bọ́. Ó wo téèpù, téèpù ń wò ó.

"Ìyẹn... ìyẹn jẹ́ ti..."

Ojú ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ìyẹn ló sì bà á lẹ́rù jù. Kí wọ́n tó ráyè káàánú rẹ̀, ó fò dìde, ó já ilẹ̀kùn, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Okùn ẹ̀yìn aṣọ tú. Ìdí rẹ̀ ń kí gbogbo ẹni tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kú ìjókòó.

"Bàbá! Ẹ dúró!"

Kò dúró. Inú bí ọmọ náà dé góńgó, ó sì ké bí ìyá rẹ̀ ti máa ń ké láti ilé ìdáná, nígbà tí ọkọ rẹ̀ bá ha sókè àjà pẹ̀lú wáyà lẹ́nu, tí kò sọ̀kalẹ̀ wá jẹun:

"Ológbò Àjà! Máa bọ̀ níbí!"

Ẹsẹ̀ Bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ. Orúkọ náà nìyẹn. Ohùn ìyàwó rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ó fi àtàǹpàkò tẹ téèpù dúdú náà mọ́ ìka, ó ń sáré lọ, ṣùgbọ́n ó dín eré náà kù díẹ̀, kí ọmọ rẹ̀ má bàa jìnnà jù láti tún pè é.