Ahọ́n Tó Ń Tọ́ Omi Eérú Wò

Ní Odòjọ̀mù nílùú Oǹdó, ahọ́n ni wọ́n fi ń se ọṣẹ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá rò pé iná àti epo nìkan ló ń di ọṣẹ, onítọ̀hún kò tíì dé àgbàlá Màmá Fẹ̀yìntọlá rí. Èèpo kòkó ni wọ́n ń sá sóòrùn, tí wọ́n ń sun títí yóò fi di eérú. Wọn a da eérú náà sínú ajere, ìyẹn ìkòkò tí wọ́n lu nídìí, wọn a bu omi lé e lórí, omi náà a sì máa ro tó, tó, tó, sínú ìkòkò mìíràn nísàlẹ̀, pupa rúsúrúsú. Omi eérú yìí ni yóò bá epo wọ̀yá ìjà lórí iná títí àwọn méjèèjì yóò fi di ọ̀kan. Bó bá le jù, ọṣẹ a máa bó èèyàn lọ́wọ́. Bí kò bá le tó, ọṣẹ kò ní dì.

Ta ni yóò wá sọ bó ṣe le tó? Màmá Fẹ̀yìntọlá ni. Yóò ti ìka bọ omi náà, yóò fi kan orí ahọ́n, yóò di ojú, gbogbo àgbàlá yóò sì pa rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò tutọ́, tí yóò fi epo pupa pa ahọ́n, tí yóò wá ní, "Ó ti tó," tàbí "Ẹ tún un ro." Láti ìgbà tó ti wà ní wúńdíá tí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ, kò ṣì í rí. Ẹlòmíràn kì í sì í tọ́ ọ wò. Màmá a máa sọ pé ahọ́n méjì kì í bá ìkòkò kan sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹnu kàn án lẹ́yìn òun, ohun tó ń wí ni pé irọ́ ni ìyá àgbà ń pa.

Agnes, ìyàwó ọmọ rẹ̀, kọ́ ni yóò dán irú ẹ̀ wò. Ọmọ Àkúrẹ́ ni Agnes. Bó bá fẹ́ pe ilé, "ulé" ló ń pè é, àwọn ará àdúgbò a sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Màmá fúnra rẹ̀ kò lè pe orúkọ rẹ̀, "Agínẹ́ẹ̀sì" ló máa ń wí. Iṣẹ́ ìjọba ni Dúrótoyè ọkọ rẹ̀ ń ṣe ní Àkúrẹ́ kí àwọn ṣọ́jà tó gbàjọba, tí wọ́n sì ń já àwọn òṣìṣẹ́ bí ẹni ń já ewé ẹ̀fọ́. Wọ́n já Dúrótoyè náà. Ó ní òun ń lọ wáṣẹ́ l'Ékòó. Lẹ́tà rẹ̀ wá, òmíràn wá, ó tán síbẹ̀. Agnes kó ìwọ̀nba ẹrù tó kù, ó gba Oǹdó lọ, ó sì fi Yéwándé, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, sílẹ̀ nílé-ìwé àwọn ọmọbìnrin kan ní Àkúrẹ́ tí àwọn ọmọ ń gbé inú ọgbà rẹ̀. Ìgbà tí ìyá Màmá, ìyẹn àgbà ọlọ́ṣẹ tó kọ́ Màmá níṣẹ́, kú ni wọ́n bí ọmọ náà, òun ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Yéwándé. "Yé mi" ni Màmá ń pè é, ìyẹn ìyá mi.

Ọdún kejì tí àwọn ṣọ́jà dé, ọṣẹ ìfọṣọ wọ́n bí ojú. Àwọn èèyàn a tò láti ìdájí, bó bá wá kan ẹni tó dúró níwájú, wọn a ní ó ti tán. Owó ilé-ìwé tí ìjọba àná ti fagi lé ti padà dé, Agnes kò sì ní in. Ẹsẹ̀ Mátírọ́ọ̀nù, obìnrin tó ń ṣàkóso ibùgbé àwọn ọmọ, ló lọ kúnlẹ̀ sí, tó ń bẹ̀bẹ̀.

"Ìyá Yéwándé," ni Mátírọ́ọ̀nù wí, "omi lásán ni àwọn ọmọ yìí fi ń fọ aṣọ. Wọ́n ní iṣẹ́ ọṣẹ ni iṣẹ́ ìyá ọkọ yín. Ẹ gbé ọṣẹ tí a ó lò ní táàmù kẹta wá, mo ti bá ọ̀gá ilé-ìwé sọ ọ́, Yéwándé yóò ṣe ìdánwò Wáẹ́ẹ̀kì rẹ̀. Àmọ́ ọjọ́ ìwọlé kò gbọdọ̀ kọjá o."

Inú Agnes dùn débi pé ó kọrin nínú mọ́tò títí ó fi dé Oǹdó. Aṣọ òkè ìgbéyàwó rẹ̀ ló gbé fún alájàpá kan tó fún un ní garawa epo. Eérú kòkó tó kù nílé, gbogbo rẹ̀ ni Màmá ní kí wọ́n lò. Kòkó kò tíì sí lóko, ó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kí wọ́n tó tún rí èèpo sun.

Nǹkan kan wà tí Agnes mọ̀ tí kò sọ. Láti ìgbà ọyẹ́ ni Màmá ti ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ bí ẹni ń bu yanrìn. Yóò bù ú, yóò tọ́ ọ wò, yóò tún bù ú. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, omi fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú Agnes, ó gbé ọbẹ̀ náà mì, ó ní, "Ẹ ṣeun, Màmá, ó dùn." Ọjọ́ kejì iyọ̀ náà tún pọ̀ sí i. Ó tún ní ó dùn. Nígbà kan kò fọ ewúro dáadáa, kíkorò rẹ̀ le ju oògùn lọ, Màmá jẹ ẹ́ tán, kò fa ojú ro. Ọṣẹ tí wọ́n sè kẹ́yìn náà rọ̀ díẹ̀. Màmá ní epo ni kò dára. Agnes náà ní epo ni.

Kí ni ìyàwó ilé yóò wí? Yóò ní, Màmá, ahọ́n yín ti kú? Àwọn ará ilé ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé òun ló lé ọkọ lọ sí Èkó. Wọn yóò wá ní ó tún fẹ́ gba iṣẹ́ mọ́ ìyá ọkọ lọ́wọ́. Ó gbé e sínú.

Ọ̀sẹ̀ Àjíǹde ni wọ́n se ọṣẹ náà. Yéwándé ti wá lo ìsinmi. Màmá ti ìka bọ omi eérú, ó di ojú, ó pẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó tutọ́.

"Ó ti tó," ló wí.

Ó yí padà láti mú epo tí yóò fi pa ahọ́n. Ibi tó kẹ́yìn sí wọn yẹn ni Yéwándé ti ti ìka tirẹ̀ bọ ìkòkò, tó fi kan ẹnu.

"Mọ́mì, kò ta o. Ó dà bí omi lásán."

Agnes gbá a lọ́wọ́, ó dún páà. "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ní n ò kọ́ ẹ nílé ni? Ṣé ìwọ lo kọ́ ìyá rẹ àgbà níṣẹ́? Dákẹ́ ẹnu ẹ!" Ọmọ náà mú ọwọ́ rẹ̀, ó kúrò nídìí ìkòkò. Màmá yí ojú padà, ó ní kí wọ́n da epo sí i.

Wọ́n rò ó títí apá wọn fi ro wọ́n. Epo kò gbà fún omi, omi kò gbà fún epo. Wọ́n fi í sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, bóyá òtútù yóò mú un dì. Nígbà tí Agnes ṣí i, epo ló léfòó lókè, ohun tó wà nísàlẹ̀ rọ̀ bẹ̀lẹ̀jẹ̀ bí ẹ̀kọ tó bàjẹ́. Wọ́n tún un gbé kaná. Wọ́n tún rọ omi sórí eérú tó wà nínú ajere, àmọ́ eérú tí wọ́n ti ro kò ní agbára kankan mọ́. Nínú àdúgbò, kò sí ẹni tó ní eérú kòkó lákòókò yẹn. Ìdí ìkòkò jóná, òórùn rẹ̀ gba gbogbo Odòjọ̀mù.

Bí ọjọ́ ìwọlé ti pé, Agnes kó èyí tó sàn díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú bàsíà, ó fi ewé bò ó, ó gbé e dé Àkúrẹ́, òun àti Yéwándé tó gbé àpótí rẹ̀. Kí ló rò? Kò ro nǹkan kan. Ẹni tí omi ń gbé lọ kì í yan ohun tó máa dì mú. Mátírọ́ọ̀nù bù ú, ó rọra fi ra ọwọ́, ó bu omi sí i. Ọwọ́ rẹ̀ ń dán.

"Ìyá Yéwándé, epo ni èyí."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n. Tó bá di ìgbà kòkó..."

"Ìdánwò ò ní dúró de kòkó." Àánú ṣe Mátírọ́ọ̀nù, kì í ṣe ìkà èèyàn. "Ọ̀gá ti ní ẹni tí kò bá ti sanwó kò gbọdọ̀ wọ inú gbọ̀ngán. Ẹ dárí jì mí."

Àpótí Yéwándé ṣì wà lẹ́nu géètì. Ìyá gbé bàsíà, ọmọ gbé àpótí, wọ́n rìn lọ síbi tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò Oǹdó. Yéwándé kò sunkún. Kò sì bi ìyá rẹ̀ ní ohun tó yẹ kó bi í, ìyẹn ló sì dun Agnes jù.

Nígbà tí wọ́n délé, Màmá wà lórí àpótí ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ajere. Ó wo àpótí tó wà lórí Yéwándé, ó ní kí ọmọ náà wọlé lọ jẹun.

"Agínẹ́ẹ̀sì, o mọ̀."

"Mo mọ kí ni, Màmá?"

"Pé ẹnu mi ò gbọ́ adùn mọ́. N ò gbọ́ iyọ̀, n ò gbọ́ ata. Láti ìgbà ọyẹ́ ni. Mo rò pé yóò padà. Mo bu iyọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, mi ò mọ̀ pé ó pọ̀. Nígbà tí mo rí ojú rẹ, mo mọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, mo ń mọ̀ọ́mọ̀ bù ú jù ni, kí o lè sọ ọ́, kí n má fi ẹnu ara mi wí i. O ń jẹ ẹ́. O ń kí mi pé ó dùn."

Agnes kúnlẹ̀ síbi eérú. "Màmá, báwo ni mo ṣe fẹ́ wí i fún yín?"

"Yé mi wí i," ni ìyá àgbà dáhùn. "Ẹnu mi ló kú, etí mi ò kú. Mo gbọ́ nígbà tó ní kò ta. Mo gbọ́ nígbà tí o gbá a lọ́wọ́." Ó nu imú. "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ nínú mi nígbà náà. Kí Ọlọ́run má bi mí léèrè rẹ̀."

Wọ́n jókòó síbẹ̀, ẹnì kan kò lè bá ẹnì kejì wí. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n jọ fi ọmọ náà rúbọ fún, ọ̀wọ̀ tí gbogbo wa ń yangàn pé a ní. Agnes sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìdánwò kọjá. Kòkó dé. Wọ́n sá èèpo, wọ́n sun ún, wọ́n rọ omi sínú ajere. Màmá ní kí wọ́n pe Yéwándé. Ọmọ náà ti ìka bọ ọ́, ó fi kan ahọ́n, ó di ojú.

"Kò tíì tó," ló wí. "Ẹ tún un ro."

Wọ́n tún un ro, ó sì tó. Ọṣẹ náà dì, ó le kankan, ó ń hó bí ọṣẹ ayé àtijọ́. Màmá fi ọ̀pá tilẹ̀ dìde, ó jó yí ajere ká. "Yé mi ti dé! Ìyá mi ti padà sídìí ìkòkò rẹ̀!" Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í ya wá láti Àkúrẹ́ àti Ìgbàrà-Òkè, wọ́n ń béèrè ọmọdébìnrin tó ní ahọ́n. Yéwándé a tutọ́, a fi epo pa ahọ́n. Yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ àtijọ́ ni wọ́n ń fi sẹ́ omi eérú.

Láti ìgbà náà, Agnes ló ń se ọbẹ̀ nílé yẹn, ó sì ní ohun kan tó ń ṣe tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Yóò dín iyọ̀ rẹ̀ kù, yóò gbé e fún Yéwándé, yóò jókòó máa wo ẹnu rẹ̀.

"Mọ́mì, iyọ̀ yìí ò tó o," ni ọmọ náà máa ń wí. Agnes a mí kanlẹ̀, a dìde lọ gbé iyọ̀ wá. Ọjọ́ tí Yéwándé bá jẹ ẹ́ tán tó ní ó dùn ló ń bẹ̀rù.