Ẹni Tí Yóò Fi Òkú Raogo Ṣe Yẹ̀yẹ́

"Ṣé o fẹ́ kí a sin ín bí ẹni tí kò ní ará ni?"

Noaga, àbúrò olóògbé, kò tilẹ̀ jókòó. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ọtí Odílì, ó di fìlà pupa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú lọ́wọ́.

"Àwọn ènìyàn ti pé. Ìwọ nìkan ni a ń retí, ẹrú wa."

Odílì ń ro ọtí ọkà bàbà tí ó wà lórí iná. Kò gbójú sókè. "Ara mi kò yá."

"Irọ́ ni! Ajá wo ni o jẹ tí kò dà nínú rẹ?"

Ní ọjọ́ mìíràn, Odílì ìbá ti dá a lóhùn kí ó tó pa ẹnu dé. Sámò ni òun, Mọ́sì ni àwọn ará ilé Raogo. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ẹ̀yà méjèèjì ti ń fi èébú bá ara wọn ṣeré, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bínú. Bí Mọ́sì bá kú, Sámò ni yóò wọ aṣọ rẹ̀, tí yóò sín in jẹ níwájú àwọn ọlọ́fọ̀, títí ẹkún yóò fi di ẹ̀rín. Bí Sámò kò bá yọjú, àbùkù ńlá ni fún òkú náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan tí òun fúnra rẹ̀ sọ kò kúrò lọ́kàn Odílì. Ní ìjẹta, Raogo, atúnkẹ̀kẹ́ṣe, fi kẹ̀kẹ́ oníbàárà tí ó ń tún ṣe sílẹ̀, ó sọdá títì wá bá a, ó fọwọ́ lé àyà.

"Odílì, àyà ń dùn mí."

"Tètè kú, ajẹ-orí-kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, kí n lè jogún ìyàwó rẹ!"

Gbogbo àwọn tí ń mutí bú sẹ́rìn-ín. Raogo náà rẹ́rìn-ín, ó sì padà lọ jókòó ti kẹ̀kẹ́ náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kú.

Odílì ti kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ yìí, ó ní kí Ọlọ́run dárí ji òun. Nígbà tí ó dìde, ìdáríjì náà kò tẹ̀ lé e wálé.

Ó nu ọwọ́. Ó gba fìlà náà.

Nígbà tí ó dé àgbàlá olóògbé, ó dé fìlà, ó tiro bí Raogo ti máa ń tiro, ó sì nà gbalaja sí ẹ̀gbẹ́ pósí.

"Ta ni ó ní mo kú? Ẹ gbé pọ́ọ̀ǹpù mi wá, afẹ́fẹ́ ni ó tán nínú mi!"

Ẹ̀rín bẹ́. Àwọn tí ń sunkún ń fi etí aṣọ nu ojú, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Talato, opó Raogo, rẹ́rìn-ín lórí ẹní rẹ̀ títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀, tí ó fọwọ́ lé àyà.

"Ajẹ-ajá, ṣé o fẹ́ pa mí ni? Àyà ń dùn mí o, láti àná!"

"Tètè kú, kí Odílì jogún ilé!" obìnrin kan ké láti ẹ̀yìn. Ẹ̀rín tún bẹ́.

Odílì dìde nílẹ̀. Ó ṣí fìlà.

"Dìde, Talato. Ilé ìwòsàn ni à ń lọ."

Ẹ̀rín náà pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Noaga pàtẹ́wọ́: "Ẹ wo Sámò! Ó fẹ́ jí opó wa gbé!"

Odílì kò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí ẹ̀rín fi tán díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu wọn. Talato tẹjú mọ́ ọn bí ẹni pé kò rí ojú náà rí.

"Odílì, ṣé kì í ṣe eré ni?"

"N kò bá ọ ṣeré."

"A kò tíì sin ọkọ mi."

"Raogo yóò dúró dè wá. Noaga, lọ gbé alùpùpù rẹ wá."

Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín mọ́. Talato fi ọwọ́ rẹ̀ sínú ọwọ́ Odílì.