Àga Alájì Sàláúdéènì

Lọ́sàn-án Sátidé kan, Pẹ̀lúmi télọ̀ so maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà ní Ọ̀fàtẹ̀dó. Ó sọ fún Tèmítọ́pẹ́ ìyàwó rẹ̀ pé ọ̀dọ̀ atúnṣe lòun ń gbé e lọ. Maṣíìnì ọ̀hún kò ṣàìsàn kankan. Aṣọ tí ẹgbẹ́ akọrin yóò wọ̀ níbi Ìkórè lọ́jọ́ kejì wà nílẹ̀, mẹ́fà nínú wọn kò tíì ní apá. Ṣùgbọ́n kí ni ìyìn Olúwa lẹ́gbẹ̀ẹ́ dráfù?

Òkè-Fìà ló gbà lọ, sábẹ́ igi fúrúùtù tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ìlú ti máa ń ta dráfù. Àga onígi kan wà níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán, tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù tì. Ẹni tí apá ẹnikẹ́ni kò ká nìkan ló ń jókòó lé e. Ó sì ti di ọdún mọ́kànlélógún tí Alájì Sàláúdéènì, arúgbó tó ń rán bàtà aláwọ, ti wà lórí rẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn ń wá ilé, àwọn kan ń wá ìyè àìnípẹ̀kun. Àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni Pẹ̀lúmi ń wá.

"Alájì, mo fi maṣíìnì mi lélẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ fi àga yín lélẹ̀."

"Maṣíìnì tí o fi ń jẹun?"

"Àbí ẹ̀rù ń bà yín ni?"

Àwọn òǹwòran hó yèè. Alájì to ọmọ sórí ọpọ́n.

Ká má purọ́, Pẹ̀lúmi mọ̀ ọ́n ta. Nígbà tí wọ́n fi máa pe ìrun Alásárì, ó ti fi ọmọ méjì ṣáájú. Alájì, tó máa ń dé fìlà méjì, ṣí ti òkè, ó fi bo ọpọ́n. Àṣà abẹ́ igi náà nìyẹn, àkókò ìrun nìkan sì ni: bí fìlà bá ti wà lórí ọpọ́n, ẹni tó bá wù lè gbé ohun tó fi lélẹ̀ kó máa lọ. Ọ̀mì ni, ẹnikẹ́ni kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ọmọ mi, gbé maṣíìnì rẹ," ni Alájì wí. "Bó bá jẹ́ ti àga ni, máa jókòó lé e láàárọ̀, kí n máa gbà á nírọ̀lẹ́. Ìdí mi ò tóbi tó bẹ́ẹ̀ mọ́."

Bí Alájì ti wọ mọ́ṣáláṣí ni Tèmítọ́pẹ́, tí wọ́n ti ta lólobó, sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, tòun ti téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn.

"Bàbá Tiwa, ṣé ibí ni ṣọ́ọ̀bù atúnṣe?"

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló kù, Màmá Tiwa."

"Ọmọ Òṣogbo ni mí, mo mọ ohun tí fìlà yẹn ń wí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Ọmọ Ìjẹ̀ṣà lèmi! Òṣómàáló ni bàbá bàbá mi. Bó bá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó ra aṣọ rẹ̀ láwìn, kì í dìde àfi tó bá gba gbogbo rẹ̀. Ṣé èmi ni màá wá gba ààbọ̀ àga?"

"Ohun tó jẹ́ tiwọn ni Bàbá àgbà ń lóṣòó dè. Ta ló jẹ yín ní àga?"

Ariwo ni Pẹ̀lúmi fi dáhùn ìbéèrè yẹn.

Alájì padà dé. Ó rí maṣíìnì níbi tó wà, ó mí kanlẹ̀, ó gbé fìlà rẹ̀ kúrò. Ó ti ọmọ kan síwájú Pẹ̀lúmi bí ẹni ń ṣe sàárà. Nínú dráfù, dandan ni kéèyàn jẹ ọmọ tí wọ́n bá gbé fún un. Pẹ̀lúmi jẹ ẹ́ tayọ̀tayọ̀. Alájì fò, ó jẹ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì di ọba. Ìsìnkú ni ìyókù, kò sì pẹ́.

Alájì wo maṣíìnì tó jẹ. "Ọwọ́ ni mo fi ń rán bàtà tèmi. Màmá Tiwa, mo fi ta ọ́ lọ́rẹ. Tìrẹ ni o, kì í ṣe ti ọkọ rẹ. Bó bá fẹ́ lò ó, kó wá tọrọ."

Tèmítọ́pẹ́ kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó nu ojú rẹ̀, ó ní kí ọlọ́kadà bá òun so maṣíìnì náà. Báyìí ni aṣọ mẹ́fà tí kò lápá ṣe rí ìgbàlà.

Bí ọkọ rẹ̀ bá mọ oore ni, à bá ti parí ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Ó kúkú dìde. Ó ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò, ọwọ́ rẹ̀ sì ba àlùmọ́gàjí ńlá tó jogún lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ojú rẹ̀ tàn bí ojú ẹni tó ríran.

"Alájì, ẹ má tíì ká ọpọ́n. Mo ti rí ibi tí mo ti ṣìṣe." Ó jókòó padà. "Àlùmọ́gàjí yìí ńkọ́?"

Tèmítọ́pẹ́ bojú wẹ̀yìn lórí ọ̀kadà. Alájì na ọwọ́ sí fìlà rẹ̀, ó wo oòrùn. Ìrun tó kàn ṣì ku wákàtí méjì.